Eré ìdárayá àti àrùn Parkinson: kí ló ń yí padà nínú ọpọlọ gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣègùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn pé eré ìdárayá ń wo ọpọlọ sàn fún ẹni tó ní àrùn Parkinson. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á tún hù. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé iṣan ẹsẹ̀ nìkan ló ń le sí i, ọpọlọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èwo ni ìwádìí gbè lẹ́yìn nínú méjèèjì? Bí nǹkan bá sì ń yí padà nínú ọpọlọ lóòótọ́, irú eré wo ni, báwo ló ṣe yẹ kó le tó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye sí i. “Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀” kì í ṣe ìdáhùn.

Onímọ̀Ọpọlọ:
Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ṣì í. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àrùn náà ti ń jà. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí wọ́n ń pè ní substantia nigra, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń pèsè dopamine, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Okùn wọn nà lọ dé striatum, pàápàá apá kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ putamen. Purotéènì kan, alpha-synuclein, á dì pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn putamen ni dopamine ti máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Iwájú rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kàn án.

Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ ẹ̀yìn àti iwájú yìí o. Ẹ̀yìn putamen ló ń darí ohun tó ti mọ́ wa lára: apá tó ń fì bí a ṣe ń rìn, bọ́tìnì tí à ń dè láìwo ọwọ́. Ohun tí a bá fi ọkàn sí ni ti iwájú. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ jálẹ̀ yàrá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa ìlà sílẹ̀ tí ẹ ní kó gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀, á gbé e rẹ́rẹ́.

Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Park-in-Shape, tí wọ́n ṣe ní Nijmegen ní ilẹ̀ Netherlands, ló sún mọ́ ìbéèrè yín jù. Ẹni 130 ló kópa. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá nínú ilé, ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù 6. Àwọn tó kù ń na ara lásán. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò láìtíì lo oògùn, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ fi nǹkan bíi àmì 4.2 sàn ju ẹgbẹ́ kejì lọ lórí òṣùwọ̀n MDS-UPDRS tó ń wo ìgbòkègbodò ara (bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ṣe le tó). Èyí jáde ní 2019. Ní 2022 ni àbájáde àwòrán ọpọlọ wọn jáde: ìsopọ̀ láàárín iwájú putamen àti apá ọpọlọ tó ń darí ìgbòkègbodò ara lágbára sí i lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́, ọpọlọ wọn ò sì súnkì tó ti àwọn tó ń na ara.

Nítorí náà, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó jí dìde. Ọ̀nà tó ṣì dára ni ọpọlọ ń gbà, ní dípò èyí tó ti bàjẹ́.

FísíòÀgbà:
Ẹ ṣeun fún àlàyé yẹn. Kí n fi kún un pé àmì 4.2 yẹn, lórí òṣùwọ̀n tó lè dé 132, kì í ṣe ohun àgbàyanu. Kì í sì í ṣe ohun àbùkù. Ẹni tó bá retí kí gbígbọ̀n ọwọ́ dáwọ́ dúró látàrí kẹ̀kẹ́ á kábàámọ̀. Ìrìn, ara tó ń lọ́ra, oorun àti ọkàn tó wúwo ni ẹ máa rí ìyàtọ̀ lára wọn jù.

Lórí bó ṣe yẹ kó le tó, ìwádìí SPARX ti 2018 ni ẹ máa wò. Ẹni 128, ọmọ ọdún 40 sí 80, tí àrùn náà kò tíì pé ọdún 5 lára wọn, tí wọn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn Parkinson. Orí treadmill ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń rìn tàbí sáré lórí rẹ̀ lójú kan, oṣù 6. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan sáré tàbí rìn dé ibi tí ìlù ọkàn á fi wà ní 80 sí 85% ibi tó lè ga dé, kí ẹgbẹ́ kejì wà ní 60 sí 65%, kí ẹgbẹ́ kẹta máa bá ìgbé ayé wọn lọ. Lẹ́yìn oṣù 6, àmì àìsàn ẹgbẹ́ kẹta ti fi bíi 3 lọ sókè. Ti ẹgbẹ́ àárín fi 2 lọ sókè. Ti àwọn tó ṣe é kíkankíkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà: 0.3 péré.

Ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sọ fún wọn, ṣùgbọ́n nǹkan bíi ọjọ́ 3 ni wọ́n ń ṣe ní tòótọ́. Ìtùnú ni èyí jẹ́ fún ẹni tó bá ń pa ọjọ́ kan jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣègùn:
Ó yé mi. Dopamine fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í pọ̀ sí i rárá?

Onímọ̀Ọpọlọ:
Ẹ jẹ́ ká là á sí ọ̀nà mẹ́ta, torí àwọn ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Bí ọpọlọ ṣe ń tú dopamine sílẹ̀ nìkíní. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Vancouver fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 3 eré tó ń mú èémí yára, ọpọlọ tú dopamine sílẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ tó ń na ara lọ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà ta á jí. Apá ọpọlọ tó ń retí èrè náà ṣiṣẹ́ sí i. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọkàn tó wúwo àti àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan ti wọlé.

Èkejì ni ibi tí dopamine ti ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á. Ìwádìí kékeré kan ní 2013, lórí treadmill fún ọ̀sẹ̀ 8, rí i pé ibi ìsomọ́ tí wọ́n ń pè ní D2 pọ̀ sí i. Àwọn tó kópa kò tó kún ọwọ́, nítorí náà ẹ fi pẹ̀lẹ́ mú un.

Ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Ní 2024 ni àbájáde kan jáde láti Yale: ẹni 10 ṣe eré kíkankíkan ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù 6, àwòrán ọpọlọ wọn sì fi hàn pé àmì ohun tó ń kó dopamine padà sínú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, ti neuromelanin, àwọ̀ dúdú inú àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine, náà sì ga sí i. Ohun tó máa ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn nínú àrùn yìí o. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ẹni 10 ni wọ́n, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n fi wọ́n wé. Ìtumọ̀ tó bọ́ sí i jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàìsàn, tó dákẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ní tuntun ló hù ti sáré kọjá ẹ̀rí.

TọjúAra:
Àti BDNF? Òun ni gbogbo ènìyàn ń pariwo.

Onímọ̀Ọpọlọ:
BDNF àti GDNF jẹ́ purotéènì tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tó sì ń jẹ́ kí ìsopọ̀ tuntun dúró. Eré tó ń mú èémí yára ń gbé BDNF sókè, pàápàá lára ẹranko tí wọ́n fi májèlé ba dopamine wọn jẹ́. Irisin náà wà níbẹ̀: iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn olùwádìí Johns Hopkins sì fi hàn ní 2022 pé ó dín alpha-synuclein tó dì pọ̀ kù lára eku. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Kò sì sí ìdí láti máa ná owó lé àyẹ̀wò BDNF nínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá eré náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀Yíyá:
Ẹ má bínú, kí ni “kíkankíkan” fún ẹni ọdún 60? Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀.

FísíòÀgbà:
Ẹ mú 208, kí ẹ yọ 0.7 lọ́nà iye ọdún kúrò. Fún ẹni 60: 208 − 42 = 166. Ibi tí ọkàn rẹ̀ lè lù dé nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. 80 sí 85% rẹ̀ jẹ́ 133 sí 141. 60 sí 65% jẹ́ 100 sí 108.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé Park-in-Shape kò lo òṣùwọ̀n yìí. Àlàfo tó wà láàárín ìlù ọkàn nígbà ìsinmi àti ibi tó lè ga dé ni wọ́n lò. Bí ìsinmi ẹni náà bá jẹ́ 70, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 96. 50% rẹ̀ ni 48, ẹ fi 70 kún un, ó di 118. 80% rẹ̀ á di nǹkan bíi 147. Nítorí náà, “80%” nínú ìwádìí kan kì í ṣe “80%” nínú èkejì, ẹni tó bá sì gbé èyí fún ìyẹn á ti aláìsàn kọjá ààlà.

Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ. Parkinson máa ń ba iṣan ara tó ń darí ọkàn jẹ́, tó fi jẹ́ pé ìlù ọkàn àwọn mìíràn kì í ga bó ti yẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú ti beta-blocker náà ń dè é mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lé 133 lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè dákú kó tó dé ibẹ̀. Ẹ lo òṣùwọ̀n Borg, tó bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20: ẹ bi í pé báwo ni iṣẹ́ náà ṣe le tó lójú rẹ̀. 12 sí 13 ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 14 sí 17 ni kíkankíkan. Èyí tó rọrùn jù: bó bá lè sọ gbólóhùn kan tán pátá láìdúró mí, kò tíì le tó. Bí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ dín in kù.

Kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ọkàn kí ẹnikẹ́ni tó dé 80%. Àwọn SPARX náà ṣe é kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé.

TọjúAra:
Lórí kẹ̀kẹ́, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe wúwo lọ. Ní 2009, àwọn ará Cleveland Clinic gbé ẹni 10 lé kẹ̀kẹ́, àwọn kan pẹ̀lú olùkọ́ níwájú tó ń mú kí ẹsẹ̀ wọn yára tó nǹkan bíi 30% ju èyí tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn lọ, tó fi dé ìgbà 80 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, àmì àìsàn àwọn tó ní olùkọ́ fi 35% dínkù. Àwọn tó ń wà á bó ṣe wù wọ́n kò rí irú rẹ̀.

Onímọ̀Ọpọlọ:
Ẹni 10 náà ni o, ẹ jẹ́ ká rántí. Park-in-Shape kò fipá mú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni yára, èrè sì wà níbẹ̀.

TọjúAra:
Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi ẹrù wúwo sí kẹ̀kẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ rèé: ẹsẹ̀ á máa yí ìgbà 45 sí 50, itan á rẹ̀ kí ọkàn tó gbóná, ẹni náà á sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10. Ẹ dín ẹrù kù títí ẹsẹ̀ á fi yí 70 láìjà, kí ẹ máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí 80 bá ti rọrùn ni kí ẹ tó fi ẹrù kún un. Ẹ so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì, torí ẹsẹ̀ tí àrùn náà mú jù máa ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀Yíyá:
Àwọn kan ní tai chi (eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àwọn ará China) tàbí ijó ló dára jù, pé gbogbo kẹ̀kẹ́ yìí wàhálà lásán ni.

FísíòÀgbà:
Tai chi dára. Ìwádìí 2012 kan lórí ẹni 195, wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, fi hàn pé ìdúró wọn tọ́ sí i, ìṣubú wọn sì dínkù ju ti ẹgbẹ́ tó ń na ara lọ. Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 156 jọ ní 2023, ẹni 7,939 lápapọ̀: ọ̀pọ̀ irú eré ló ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn ò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé ọ̀kan borí gbogbo èyí tó kù. Nítorí náà, èyí tí ẹni náà á máa ṣe lọ ni kó mú. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọpọlọ tí à ń sọ látàárọ̀, eré tó ń mú èémí yára ni àwòrán pọ̀ fún. Mi ò ní fi ijó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Màá fi kún un.

Ìlànà tí Parkinson's Foundation àti American College of Sports Medicine gbé jáde ní 2021 ni mo máa ń tẹ̀ lé: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún eré tó ń mú èémí yára, ó kéré tán ọjọ́ 3. Ìgbé ohun wúwo ọjọ́ 2 sí 3 tí kò tẹ̀ lé ara wọn, ìgbà 10 sí 15 fún iṣan kọ̀ọ̀kan. Ìdúró déédéé àti yíyí ara kánkán ọjọ́ 2 sí 3. Nínà ara, ojoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kó fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí àkókò kọ́kọ́ gùn, kí líle tó tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣègùn:
Oògùn ńkọ́? Ṣé kí wọ́n ṣe eré kí wọ́n tó lo levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Onímọ̀Ọpọlọ:
Lẹ́yìn rẹ̀ ni, nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ìyẹn nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 sí 60 fún ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá ṣe é nígbà tí oògùn ti tán lára á fi ara líle bá ara rẹ̀ jà, kò ní le dé ibi tó yẹ, á sì máa kọ́ ọpọlọ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kúkurú. Oúnjẹ tó kún fún purotéènì lè dí levodopa lọ́wọ́ láti wọlé, nítorí náà kó má jẹ ẹ́ mọ́ oògùn tó fẹ́ fi ṣe eré. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí pé ara rẹ̀ yá dín oògùn kù láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Eré kò rọ́pò levodopa.

TọjúAra:
Òòyì náà ńkọ́? Ìyẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú.

FísíòÀgbà:
Ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú 5, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó dìde, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1 àti 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, orí ìjókòó ni kí eré bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ní ẹ̀yìn tó ṣeé fara tì ló bọ́ sí i. Omi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣubú jù kì í ṣe àárín eré, ìgbà tí wọ́n dá a dúró lójijì ni: ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹsẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ ò fún un padà sókè mọ́. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ìrọra ní ìparí, kì í ṣe ohun tí a ń fò. Lórí treadmill, kí okùn ààbò wà lára aṣọ, kí ọwọ́ máà di ọ̀pá mú pinpin: ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọ̀pá ti gbé ìdajì iṣẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀, apá rẹ̀ ò sì ní fì.

Ẹlẹ́sẹ̀Yíyá:
Bí ẹsẹ̀ bá wá dì mọ́lẹ̀ ńkọ́, lẹ́nu ọ̀nà tàbí níbi tí wọ́n ti fẹ́ yí padà?

FísíòÀgbà:
Ẹ má fà á o! Ẹ fà á, orí á ṣáájú ẹsẹ̀, ó di ìṣubú. Kó dúró, kó gbé ara sórí ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà sórí èkejì, kó wá gbé ẹsẹ̀ gíga bíi pé ó fẹ́ kọjá nǹkan. Kó má yí lójú kan. Kó rìn yípo bí ọkọ̀ ṣe ń yí.

Bí ẹ bá ń fi ìró kọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 100, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dì, ẹ ṣètò ìró náà sí 110. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá máa ń dì, ẹ fi í sí 90. Ìró tó yára jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dì máa ń mú ìgbésẹ̀ kúrú sí i, ìgbésẹ̀ kúkurú ló sì ń fa dídì yẹn. Ìlà tí ẹ bá fà sílẹ̀, kí àlàfo rẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ.

Onímọ̀Ọpọlọ:
Ọ̀nà iwájú putamen tí mo sọ lókè ni ìlà àti ìró ń lò. Ohun kan náà ló wà nínú LSVT BIG, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ara fún àwọn tó ní Parkinson: wákàtí kan, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4, ìgbà 16 lápapọ̀, tí gbogbo rẹ̀ dá lórí pé kí ìṣísẹ̀ tóbi. Ẹ máa rí i pé bí ẹ bá ní kí ẹni náà na apá dé ibi tó tọ́, á ní ó ti pọ̀ jù, pé ó dà bíi pé òun ń ṣe àṣejù. Ìwọ̀n inú ọpọlọ rẹ̀ ló ti kéré. Ẹ jẹ́ kó wo ara rẹ̀ nínú dígí tàbí fídíò, á rí i pé ohun tó pè ní àṣejù gan-an ni ti gbogbo ènìyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣègùn:
Ìbéèrè ìkẹyìn: báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, láìsí àwòrán ọpọlọ? Bí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró ńkọ́?

TọjúAra:
Ohun mẹ́ta, lóṣooṣù mẹ́ta. Bí ó ṣe jìnnà tó tí ó lè rìn ní ìṣẹ́jú 6. Ìṣẹ́jú àáyá tó fi dìde lórí àga, rin mítà 3, yí padà, tó sì tún jókòó. Ìṣẹ́jú àáyá tó fi dìde tó sì jókòó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìfọwọ́ti nǹkan. Ẹ ṣe é ní wákàtí kan náà lẹ́yìn oògùn ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ṣe ti òní ní wákàtí kan lẹ́yìn oògùn, tí ẹ ṣe ti ọjọ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, oògùn lẹ wọ̀n, ẹ ò wọn eré.

Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, èrè náà á máa yọ́ lọ. Ẹni tó bá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àìsàn mìíràn, kó padà bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì gòkè padà.